Ọsàn Wẹ́wẹ́ Nínú Ọbẹ̀ Alábẹ̀wò

Kí n má parọ́ fún ẹnikẹ́ni: lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ ìdáná ní ilé-ìwé mọ́dà àwọn ọmọbìnrin ní Fìdítì, oúnjẹ òyìnbó tí mo mọ̀ ọ́n sè kò ju ẹyin díndín àti tíì lọ. Tíì ọ̀hún gan-an, ọkọ mi ní ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni ìwé ẹ̀rí gírámà, ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́yìn mi, àti ẹnu tó yá ju ọwọ́ lọ. Nígbà tí ọ̀gá wa, Ìyáàfin Adéọtí, bi mí pé ṣé mo lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáná, mo ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Olùkọ́ fìdíhẹ ni wọ́n gbà mí sí. Àwa tíṣà mọ ìtumọ̀ fìdíhẹ dáadáa: o ti jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ní kí o dìde nígbàkúùgbà. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ilé-ìwé náà ni mo ti rí ìwé oúnjẹ kan tó ní àwòrán, èyí tí èèpo iwájú rẹ̀ ti ya dànù. Ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń dáná. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, n ó ka ojú ewé tó kàn. Bó bá di ọjọ́ kejì, n ó dúró níwájú àwọn ọmọ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí ààrò òyìnbó. Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo fi máa ń ṣíwájú wọn. Kéèkì àkọ́kọ́ tí a ṣe le débi pé orí òkúta la gbé e lé kí á tó lè gé e. Ọ̀gá jẹ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí eyín mi sinmi ná."

Ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kò yé rárá. Ọsàn ni wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ Ọ̀yọ́ ti máa ń dúró. Gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́sàn. Èmi a máa pè wọ́n ní Ìyá, àwọn náà a sì máa fi oríkì pè mí, Àjọkẹ́, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ bá mi jà.

"Àjọkẹ́, ọmọ ta ló ń lọ síléèwé kí wọ́n lè kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dáná?"

"Wọ́n pọ̀, Ìyá. Ogójì ni wọ́n nínú kíláàsì mi."

"Ṣé ìyá gbogbo wọn ló kú ni?"

Wọn kò fi ìkà sọ ọ́. Orúnkún ti ń dùn wọ́n, wọ́n sì fẹ́ ẹni tí yóò gba àtẹ ọsàn lọ́wọ́ wọn. Èmi nìkan ni ìyàwó tó wà nílé. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, ló ń fi mọ́tò akẹ́rù kó ọsàn lọ sí òkè Ọya, kò sì fẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Nítorí náà ó bá wa dá a báyìí: bí ilé-ìwé bá gbà mí pátápátá kí ọdún náà tó parí, kí n máa ṣe tíṣà mi lọ. Bí wọn kò bá gbà mí, kí n bọ́ síbi ọsàn. Ìyá gbà, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Mo fẹ́ràn láti dúró níwájú pátákó ju bí mo ṣe fẹ́ràn oúnjẹ òwúrọ̀ lọ. Bí mo bá wọ kíláàsì, ara mi á yá gágá. Bí mo bá sì jókòó síbi ọsàn fún wákàtí kan, oorun ni mo máa ń sùn.

Nígbà tó kù bí oṣù méjì kí ọdún parí ni lẹ́tà dé láti Ìbàdàn pé alábẹ̀wò ń bọ̀ wá dán mi wò. Oúnjẹ alẹ́ òyìnbó kan ni n ó sè, a ó sì jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà. Oúnjẹ mẹ́wàá ni wọ́n kọ ránṣẹ́, pé kí n mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n dà á sínú fìlà ọkọ wọn, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí mo mú jáde ni adìẹ àti makaróní nínú ọbẹ̀ ọlọ́ràá mílíìkì. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n tún kọ ọ́ sí pé láti ìpìlẹ̀ ni kí olùkọ́ ti ṣe ohun gbogbo. Makaróní, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó. Mílíìkì, kí ó má ṣe ti inú agolo.

"Ọ̀gá," mo ní, "èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí ńkọ́? Páálí kì í ṣe agolo."

"Bí alábẹ̀wò bá rí páálí nílé rẹ, èmi kò mọ̀ ọ́ rí."

Ilé mi ni wọ́n ní, nítorí pé ìjì ti ká òrùlé ilé ìdáná ilé-ìwé lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé wa, pẹ̀lú ààrò amọ̀ àti odi dúdú rẹ̀, ni alábẹ̀wò yóò wá jókòó sí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ makaróní. Fún ẹni tí kò ṣe é rí, fúláwà àti ẹyin ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. A ó kó fúláwà jọ bí òkìtì, a ó gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, a ó fọ́ ẹyin sínú ihò náà, a ó wá máa fi ìka fa fúláwà wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó pò ó títí tí yóò fi dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Mo lọ ra fúláwà lọ́wọ́ alábúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ọjà. Nígbà àkọ́kọ́, mo bu omi sí i, ó sì di ẹ̀kọ. Nígbà kejì, n kò bu omi sí i, ó sì le bí amọ̀ tó ti gbẹ. Nígbà kẹta ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo fi ìgò yí i pẹlẹbẹ lórí tábìlì, mo fi ọ̀bẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo wá sá a sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé kó lè fẹ́ díẹ̀.

Ìyá dé láti ibi ọsàn, wọ́n dúró, wọ́n gbé agbọ̀n ka orí.

"Àjọkẹ́, kí lo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlédìí ọmọ yìí?"

"Oúnjẹ ni, Ìyá."

Wọ́n fi ìka kan ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó ń mì.

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Alábẹ̀wò tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ni."

"Kí ló fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ewúrẹ́ Ìyá ló kọ́kọ́ jẹ makaróní mi. Mo wọlé lọ fún ọmọ lọ́mú, kí n tó jáde, ó ti jẹ ìdajì okùn tán, ó sì ń wo ìdajì tó kù. Mo ṣọ́ ewúrẹ́ náà títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí n kò rí i kó ṣàìsàn, ọkàn mi balẹ̀ pé ènìyàn náà lè jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì ló kù. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò náà, mo jí lọ sí gáà àwọn Fúlàní tó wà lọ́nà Imini. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Àdàmú, ẹni tó máa ń kiri wàrà wá sí àdúgbò wa. Nígbà tí mo ní mílíìkì tútù ni mo fẹ́, tí wọn kò tíì sè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó wá láti ìlú tó béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ òun rí. Ojú mi ló ṣe fún wàrà náà lára màlúù. Ó ní kí n gbé e sínú igbá, kí n bò ó, kí n má ṣe mì ín. Bó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rá rẹ̀ yóò ti léfòó sókè, kí n wá fi ṣíbí ré e. Bó ṣe wí náà ló rí. Ọ̀rá náà ki, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì dùn débi pé mo lá ṣíbí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rántí pé ti ìjọba ni.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo pa àkùkọ kan tó ti dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ, mo ré e wẹ́wẹ́. Ìyá kò lọ síbi ọsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí àlejò bá ilé lófo, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wòran ni. Wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà kalẹ̀ fún mi, èyí tí omi kún inú rẹ̀ bámúbámú.

"Fún gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá kò gbọdọ̀ gbóòórùn ìyẹ́ adìẹ nílé mi."

Ní tiwa, a kì í kọ́ ọmọ ní èyí. Adìẹ tí a kò fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ kò tíì di ẹran, adìẹ ló ṣì jẹ́. Mo fún ọsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo fi iyọ̀ pa á lára, mo sì fi í sílẹ̀ kó mu ún dáadáa nígbà tí mo ń po makaróní. Nígbà tó tó láti gbé e kaná, omi ọsàn náà ń ta sánsán. Mo ní kí ni mo fẹ́ da ohun dáradára nù fún. Mo da àti ẹran àti omi rẹ̀ sínú ìkòkò, mo gé àlùbọ́sà sí i, mo fi ata díẹ̀ sí i, mo bò ó. Bí ìwé náà bá kìlọ̀ nípa irú nǹkan báyìí, n kò rí i níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìẹ rí.

Ní ọ̀sán, Ọ̀gá mú Alábẹ̀wò wọlé. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó ní awò ojú, ó sì fi pẹ́ńsù há etí. A ti tún pálọ̀ ṣe dè wọ́n, mo tilẹ̀ ti yá aṣọ tábìlì, ṣùgbọ́n Alábẹ̀wò gba pálọ̀ kọjá, wọ́n fa àpótí kan wá sílé ìdáná, wọ́n jókòó.

"Ibi tí èéfín bá wà ni mo ti ń ríran," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá ní láti bá wọn jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ léèsì wọn. Ìyá fara ti ẹnu ọ̀nà. Fúnmi ń sùn lẹ́yìn mi. Báyìí ni ẹni márùn-ún ṣe kún ilé ìdáná tí kò gba ju ẹni méjì lọ.

"Kí ló dé tí ẹ fi bo makaróní tí ẹ pò?" Alábẹ̀wò béèrè.

"Kó lè sinmi ni, mà. Bí kò bá sinmi, bí mo ṣe ń yí i pẹlẹbẹ ni á máa sún kì padà bí rọ́bà."

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyá ní ẹnu ọ̀nà sọ fún Ọ̀gá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Fúláwà ń sinmi. Èmi tí mo ti jí láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò tíì sinmi."

Mo yí i, mo gé e, mo dà á sínú omi iyọ̀ tó ń hó. Kò pẹ́ rárá tó fi ń léfòó, ó funfun, ó ń dán, kò lẹ̀ mọ́ra, mo sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ọ̀gá bojú wò mí, wọ́n mi orí. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Mo ní, "Ohun tó kù báyìí kò ju kí á bu ọ̀rá mílíìkì sí omi adìẹ lọ, kí a sì máa rò ó pẹ̀lú sùúrù." Mo gbé ìgbakọ sókè kí gbogbo wọn lè rí i, mo bu ọ̀rá mílíìkì, mo dà á sínú ìkòkò.

Ó kọ́kọ́ funfun, ó jọjú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣe wóró-wóró. Mo rò ó. Ó burú sí i. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ ti pínyà: omi ṣẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, kókó funfun lókè, bí ìgbà tí ọmọ bá pọ ọmú.

Igi ń ta páú nínú ààrò.

"Tíṣà," Alábẹ̀wò ní, "kí ló ṣe é?"

Irọ́ ló kọ́kọ́ dé ẹnu mi. "Mílíìkì àwọn Fúlàní yìí ni, mà. Ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún mi."

Alábẹ̀wò dìde, wọ́n ti ṣíbí bọ inú igbá mílíìkì, wọ́n tọ́ ọ wò. "Èyí kò bàjẹ́." Wọ́n ti ṣíbí bọ inú ìkòkò, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tọ́ ọ wò. Gbogbo ojú wọn rún pọ̀. "Kí lẹ fi fọ adìẹ?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, mà."

"Mélòó?"

"Mẹ́fà, mà."

"Ẹ sì da omi rẹ̀ nù?"

Mo wolẹ̀. Ìyá ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń fọ adìẹ n'Ìbàdàn?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n a kì í bu mílíìkì lé e."

"Àwa náà kì í bu mílíìkì lé e. Ìwé yín ló ní kí wọ́n bu ú."

Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n padà lọ jókòó. "Ogójì ìṣẹ́jú ló kù, Tíṣà. N kò ní sọ ohun tí ẹ ó ṣe fún yín."

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé gírámà pé ohun kíkan ń mú mílíìkì dì. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lé e. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síwájú ìkòkò náà, mo ń rí ara mi níbi ọsàn, tí mo ń sùn, tí eṣinṣin ń bà lé mi lójú. Ìgbà náà gan-an ni Fúnmi jí lẹ́yìn mi tó sì figbe bọnu.

Mo bá ara mi tí mo ń sọ pé, "Ìyá, ẹ gbà á lẹ́yìn mi."

Wọ́n gbà á, wọ́n pọ̀n ọ́n.

"Ìyá, ẹ yọ igi méjì kúrò nínú iná, kékeré ni mo fẹ́."

Wọ́n yọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n kò rán ìyá ọkọ mi níṣẹ́ rí. Mo rán wọn níṣẹ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Mo kó ẹran jáde, mo fi omi gbígbóná ṣàn án dáadáa, mo tún fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà pa á lára. Mo gbé ìkòkò mìíràn kaná, mo da òróró ẹ̀pà díẹ̀ sí i, mo kó fúláwà sí i, mo ń rò ó kó jinná láìpọ́n. Èyí wà ní ojú ewé kan tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, fún ọbẹ̀ ẹja. Mílíìkì tí mo ti ré ọ̀rá orí rẹ̀ ṣì wà nínú igbá. Mo ń bu ú sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó bí ẹni ń ro ògì, n kò jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi. Nígbà tó ki, mo po pupa ẹyin méjì pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú àwo, kí ẹyin má bàa bá iná lójijì, mo wá dà á padà. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ọ̀rá mílíìkì tó kù kò ju ìgbakọ kan lọ, mo dà á lé e lórí ní ìkẹyìn. Mo dúró. Mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà tí olè lè gbà wọlé.

Kò dì. Ó ń dán, ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo da ẹran sí i, mo da makaróní sí i, mo yí i pọ̀, mo gbé e lọ sí pálọ̀.

Ọ̀gá gbìyànjú láti fi fọ́ọ̀kì wé e bí wọ́n ti ṣe nínú àwòrán, gbogbo rẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí léèsì. Alábẹ̀wò kò wé nǹkan kan, wọ́n ń gé e jẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n tún jẹ. A kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí Ìyá wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti àwo lọ́wọ́. Mo wo inú àwo náà. Mílíìkì tó dì ni. Wọ́n ti fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n gé e, wọ́n sì din ín pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà títí tó fi pọ́n.

"Kí lèyí, Ìyá?" Alábẹ̀wò béèrè.

"Èyí tí ẹ ní ó bàjẹ́ ni. Ṣé kí n da oúnjẹ nù lójú àlejò?"

Alábẹ̀wò mú ọ̀kan, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n mú èkejì. "Èyí kò sí nínú ìwé."

"Ẹ kọ ọ́ sí i."

Alábẹ̀wò àti Ìyá ló jọ jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí Alábẹ̀wò ń kó ìwé wọn jọ, wọ́n kọjú sí mi. "Tíṣà, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín bá ṣe irú àṣìṣe tòní, kí lẹ ó kọ́kọ́ ní kó ṣe?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ fúláwà, pupa ẹyin àti iná kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi yàtọ̀. "N ó ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ta mílíìkì fún un, mà."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán. Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, n kò sì mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Mo lọ sí gáà lọ́jọ́ kejì ní tòótọ́. Mo gbé ọsàn dání, ọsàn mímu o, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àdàmú, àti irọ́ tí mo pa mọ́ ọn. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ó pe gbogbo obìnrin gáà kí n tún un sọ fún wọn, wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀rín títí oòrùn fi mú.

Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Ìyá kò mẹ́nu kàn án. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti wá àpótí kejì sídìí àtẹ ọsàn, èyí tó ga díẹ̀, irú èyí tó bá gígùn ẹsẹ̀ mi mu. Bí mo bá ń kọjá lọ síléèwé láàárọ̀, mo máa ń wo ibòmíràn.

Ó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kí á gba ìsinmi nígbà tí Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n na lẹ́tà sí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà mí pátápátá. Nísàlẹ̀, Alábẹ̀wò fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i pé kí n máa fi àṣìṣe náà kọ́ àwọn ọmọ kí n tó kọ́ wọn ní ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe títí di ìsinsìnyí, pẹ̀lú ọmọ kejì lẹ́yìn mi báyìí: bí kíláàsì tuntun bá wọlé, n ó bu mílíìkì gbígbóná sínú ife, n ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, n ó sì ní kí wọ́n máa wò ó. Inú mi máa ń dùn bí wọ́n bá pariwo.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé, ìdùnnú mi kò pé. Mo rìn lọ síbi ọsàn, mo dúró níwájú àtẹ. Ìyá ń bó ọsàn, èèpo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láìjá, bí wọ́n ti máa ń ṣe é.

"Ìyá, wọ́n gbà mí."

Ọ̀bẹ wọn kò dúró. "Pátápátá?"

"Pátápátá ni, Ìyá."

Wọ́n bó o tán, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n nà án sí mi. Mo mu ún lórí ìdúró. Mo ń wo orúnkún wọn, mo mọ̀ pé ó ṣì ń dùn wọ́n. Nígbà náà ni mọ́tò kan yà síwájú wa, obìnrin kan yọrí láti ojú fèrèsé, ó ń béèrè ọsàn. Mo sáré bọ́ sídìí àtẹ láti ṣe ìrànwọ́, mo kó ọsàn jọ sójú àtẹ, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè. Ìyá gba ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò, èyí tó tóbi wá sókè.

"Ẹ má wò ó," wọ́n sọ fún obìnrin inú mọ́tò náà, ohùn wọn sì lọ sókè kí gbogbo ọlọ́sàn tó wà létí títì lè gbọ́. "Ìyàwó mi ni. Tíṣà ni. Kò mọ ọsàn tà rárá."